Ta Ló Ni Ẹ̀rọ Yìí?

Ọ̀rẹ́ mi tó ń yan gàrí ló kọ́kọ́ mú ìwé tirẹ̀ wá, ẹ̀rín ló sì ń rín bọ̀. Àárọ̀ ni. Mo ń da epo dísù sínú ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́, àwọn obìnrin méjì sì ti gbé ẹ̀gẹ́ bíbó kalẹ̀, wọ́n ń dúró dè mí. Ó na ìwé náà sí mi láti ẹnu ọ̀nà abà.

“Ìyá Ẹlẹ́rọ, wá kí mi kú oríire. Ẹ̀rọ ti di tèmi. Ìjọba ló fún mi.”

“Ìjọba wo?”

“Kà á, ìwọ lo mọ̀wé. Mo rí orúkọ mi níbẹ̀, ẹni tó mú un wá sì ní èmi ni mo ni ẹ̀rọ. Mo ní bóyá owó ìrànwọ́ àwọn obìnrin yẹn ló dé.”

Mo nu ọwọ́ mi sí ìdí aṣọ, mo gba ìwé náà. Fọ́ọ̀mù mẹ́ta péré ni mo kà kí owó tó tán nílé wa, ṣùgbọ́n mo lè ka Gẹ̀ẹ́sì bí wọn kò bá kọ ọ́ ní ìkọ wíwọ́. Wọ́n tẹ èyí, ó hàn dáadáa. Wọ́n ní òun, ọ̀rẹ́ mi, ni olówò, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀gẹ́, pé kò ní ìwé àṣẹ, pé kí ó wá fara hàn ní ọ́fíìsì, pé bí kò bá wá, wọn yóò ti ibẹ̀ pa, wọn yóò sì gbé e lọ sí kóòtù.

N kò tíì kà á tán tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń dúró fi tú etí ìró rẹ̀, ó sì yọ ìwé kan jáde tó ti ká sí mẹ́rin.

“Irú rẹ̀ ni wọ́n mú wá fún èmi náà lánàá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìdìbò ni, mo fẹ́ fi dáná.”

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, òun náà ni olówò. Ẹ̀rọ kan náà, abà kan náà. Mo jókòó lórí àpò ẹ̀gẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀gá mi ni òun báyìí, kí n kúnlẹ̀ kí òun. Mo ní, “Má rẹ́rìn-ín mọ́. Jọ̀wọ́.” Ó wo ojú mi, ó wá jókòó tì mí.

N kò ní dárúkọ ọ́fíìsì tí ìwé náà ti wá, n kò sì ní dárúkọ ìlú wa. Ìlú kékeré kan ni láàárín Ọ̀sì àti Ìlọ́fà, ẹni tó bá ń gba ọ̀nà yẹn ti kọjá níwájú ilé wa rí. Ọ́fíìsì náà ṣì wà níbi tó wà, èmi náà ṣì wà níbi tí mo wà, kò sì sí ohun tó ní kí wọ́n má padà wá nígbà tó bá wù wọ́n.

Abà ẹ̀rọ wà lẹ́yìn ilé. Bàbá àwọn ọmọ mi ló ra ẹ̀rọ náà nígbà tó wà láyé, ní ọdún kan tí iṣu ta dáadáa. Ó kú, ẹ̀rọ kù. Ẹ̀rọ yẹn ló rán àwọn ọmọ mi níwèé títí wọ́n fi lọ sí ìgboro, tí a kò rí wọn mọ́ àfi nígbà ọdún. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa lọ ẹ̀gẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá. Bí mo bá lọ̀ ọ́ tán, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n á fi jáàkì fún omi rẹ̀ jáde, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì yan án lórí ààrò tó wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Ọ̀rẹ́ mi ní ààrò tirẹ̀ níbẹ̀, àwọn mìíràn náà ní tiwọn. Ìyá ọkọ mi, tó ti darúgbó gan-an, ní àpótí tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, kì í ṣe nítorí owó, nítorí ariwo àwọn èèyàn ni.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó máa ń sọ pé “ẹ̀rọ mi.” Ẹnu wa kò gbà á. Bí mo bá sọ pé “ẹ̀rọ mi,” àfi bí ẹni ń lu àyà níwájú àwọn tí n kò sàn jù lọ. “Ẹ̀rọ wa” ni èmi pàápàá ń pè é. Ọ̀rẹ́ mi a jí lówùúrọ̀, a ní òun ń lọ sídìí ẹ̀rọ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó ẹnìkan ṣe ń jẹ́ “ìyàwó wa” lẹ́nu gbogbo agbo ilé, tí ẹnikẹ́ni kì í torí ìyẹn bèèrè pé ọkùnrin mélòó ló fẹ́ ẹ.

Kí àwọn ìwé yẹn tó dé, ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan lórí ọ̀kadà láti ọ̀nà Ọ̀sì. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó so káàdì mọ́ ọrùn. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ìgboro ló ń sọ. Ó kí wa dáadáa. “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa.” Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà. Ìyá wa ló pè wá. Ìyá ta ni? Kò sí ẹni tó ní kí ó mú ẹ̀rí wá.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ dá a lóhùn láti orí àpótí.

“Kí lo wá ṣe?”

Ojú ọkùnrin náà yí padà. “Màmá, èmi lẹ ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn? Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí.”

“Ìwọ kẹ̀. Àbí ẹlòmíràn wà lẹ́yìn rẹ?” Ó na ọrùn láti wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà wò.

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rín. Kò mọ̀ pé àwọn àgbà tiwa kì í pe ẹnì kan ṣoṣo ní “ẹ̀yin.” Ní èdè ilé wa, ẹnì kan, ẹnì kan ni, “ìwọ” ni wọ́n ń pè é, ìbáà ṣe àgbà, ìbáà ṣe àlejò, kò sì sí ìwọ̀sí níbẹ̀. Àwa tí a lọ sílé ìwé ló ń sọ “ẹ” fún àlejò. Mo sáré bẹ̀ ẹ́, mo ní àgbà ni, kí ó má bínú. Ó ní òun kò bínú. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde.

“Ta ló ni ẹ̀rọ yìí?”

Ẹ̀rọ ń pariwo, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti pa á. Kí n tó nàró, ọ̀rẹ́ mi ti dáhùn. “Àwa la ni ín.”

“Ẹ̀yin mélòó?”

“Gbogbo wa tí ẹ rí yìí.”

Ó kọjú sí mi. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tiwa ni.”

Kí ni ǹ bá tún sọ? Kí n ní irọ́ ni, tèmi nìkan ni? Níwájú ìyá tó bí ẹni tó rà á?

Ó ní kí àwọn tó ni ẹ̀rọ wá dúró tì í kí òun yà wọ́n ní fọ́tò, kí wọ́n sì sọ orúkọ wọn. A ti gbọ́ pé ní ìlú kan lápá ibí, wọ́n ya àwọn obìnrin ní fọ́tò báyìí, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi fún wọn ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Ni wọ́n bá ń tún gèlè wé. Ẹnìkan fi omi ìfọṣọ bọ́jú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ bí ẹni fẹ́ bù kún un. Obìnrin kan tó wá ra gàrí jíjẹ lásán tò mọ́ wọn. Ọ̀rẹ́ mi ní, “Ìwọ ńkọ́, kí lo ní níbí?” Ó ní, “Mo ní oore-ọ̀fẹ́.” A rẹ́rìn-ín. Wọ́n ya ìyá ọkọ mi náà lórí àpótí rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó lọ. Inú wa dùn lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ni n kò lè gbàgbé.

Lẹ́yìn tí àwọn ìwé dé, ọkùnrin náà tún dé, ó kó èèyàn méjì dání àti ṣéènì. Mo sáré wọlé lọ yọ ìwé àṣẹ mi kúrò lára ògiri. Mo ní ìwé àṣẹ. Ọdọọdún ni mo ń sanwó rẹ̀, mo fi ọ̀rá wé e kí òjò má bà á jẹ́. Mo fi hàn án.

Ó kà á, ó dá a padà fún mi. “Màmá, ìwé yìí dára. Ìwé ẹnì kan ni. Ibí yìí kì í ṣe ti ẹnì kan.”

“Tèmi ni, sà.”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ lójú mi pé tiyín ni, gbogbo yín? Mo ní fọ́tò. Bí àwọn tó ni nǹkan bá ti pọ̀ báyìí, ilé iṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀rọ ìdílé mọ́. Ilé iṣẹ́ ní àṣẹ tirẹ̀. Ti èéfín, ti oúnjẹ, ti panápaná, ti ilẹ̀. Ẹnìkọ̀ọ̀kan yín ló sì gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀.”

Wọ́n ki ṣéènì bọ inú àgbá ẹ̀rọ, wọ́n fà á yí òpó ká, wọ́n fi àgádágodo dè é. Wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ ọn. Ó sọ fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ṣéènì náà ti fọwọ́ kan ìjọba, ẹ̀wọ̀n sì ni. Ó ní bí a kò bá yanjú ọ̀rọ̀ náà, ọkọ̀ akẹ́rù á wá gbé ẹ̀rọ lọ sí Ìlọrin, wọ́n á sì tà á. Ẹ̀gẹ́ bíbó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó kún abọ́ àti garawa. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a lọ èyí nìkan. Ó ní òfin kò mọ ẹ̀gẹ́.

Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tí a ti bó dúdú, ó ń rùn, a dà á nù sí ẹ̀yìnkùlé. Èyí tí a ti hú, wọ́n dì í sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí Ọ̀sì láti lọ lọ̀ ọ́. Èrè rẹ̀ ń bá ọlọ́kadà lọ. Àwọn mìíràn fi tiwọn sílẹ̀ nínú ilẹ̀, ó le bí igi. Mo ń jókòó sí abà láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kan ṣéènì, kí wọ́n má baà ní èmi ni. Bí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá lójú títì, mo máa ń dìde dúró títí yóò fi kọjá lọ.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín wa. Mo gbọ́ pé ẹnìkan sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé èmi tí mo mọ̀wé ló yẹ kí n ti mọ̀. Ẹlòmíràn ní mo dìídì jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ àwọn sílẹ̀ kí n má baà dá sanwó. Ní ọjọ́ kan, obìnrin tó ní oore-ọ̀fẹ́ yẹn dúró lójú títì, ó sì ké pè mí pé, “Ẹ̀rọ rẹ fẹ́ gbé mi lọ sẹ́wọ̀n o!” Ẹ̀rọ rẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìlọrin. N kò fẹ́ lọ. Ọ̀nà wa kò ṣeé rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ nítorí àwọn ajínigbé, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Èmi pàápàá ti bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì rí, mo sì sá wọ igbó, n kò sì fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ bá dẹ ìrìn níbi tí kò sí ilé, ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ni mo máa ń wò. Mo di ìwé àṣẹ mi mọ́ àyà lábẹ́ bùbá títí a fi dé.

Obìnrin kan ló wà lẹ́yìn tábìlì, ó dàgbà tó mi, ó wọ awò. Ó ní kí n jókòó. Mo ro ẹjọ́ mi fún un.

“Ẹ ní kì í ṣe tiwọn?”

“Kì í ṣe tiwọn, mà.”

“A jẹ́ pé wọ́n purọ́ fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn náà o.”

“Wọn kò purọ́, mà.”

“A jẹ́ pé tiwọn ni.”

“Kì í ṣe tiwọn, mà.”

Ó gbé kálámù sílẹ̀. Mo rí i pé mo ti kó sí àárín méjèèjì. Bí mo bá ní wọ́n purọ́, mo ti ti àwọn aládùúgbò mi sẹ́wọ̀n. Bí mo bá ní wọn kò purọ́, ẹ̀rọ ti lọ. Mo wá bi í léèrè ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

“Mà, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni àwọn ará ilé ọkọ yín ṣe ń pè yín?”

“Èmi kẹ̀? Wọ́n ń pè mí ní ìyàwó wa…” Ó dúró. Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Ó pe ẹni tó wà ní yàrá kejì. “Ẹ wá gbọ́ nǹkan! Àwọn ará oko wọ̀nyí ní ẹ̀rọ wa, bí ìgbà tí èèyàn bá ní ìyàwó wa! Òṣìṣẹ́ wa náà lọ kọ gbogbo wọn sílẹ̀!” Ẹni yẹn ní, “Kí wọ́n tún yẹ ìyàwó ọ̀gá náà wò, kí wọ́n mọ iye àwọn tó ni ín.” Wọ́n tún rín.

Mo bá wọn rín díẹ̀, mo rò pé ó ti tán.

Ó nu ojú rẹ̀. “Mo gbọ́ yín dáadáa, Màmá. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ìyàwó wa. Orúkọ ti wọlé. Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn wá fúnra rẹ̀, kó búra ní kóòtù pé òun kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tí kò bá wá, olówò ni, ẹ̀rọ kò sì ní ṣí.”

Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju bí ẹni pé wọ́n lé mi jáde lọ. Ọkùnrin tó ya wá ní fọ́tò lè má mọ̀. Àwọn wọ̀nyí mọ̀. Ó yé wọn tán pátápátá, wọ́n sì tún ní kí a wá.

Mo lọ bẹ ẹnìkọ̀ọ̀kan nílé. Wọ́n gbà, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n ju bí wọ́n ṣe ń bínú sí mi lọ. A kó sínú bọ́ọ̀sì kan. A gbàdúrà kí a tó jáde nílùú, àwọn Kristẹni gbà tiwọn, àwọn Mùsùlùmí ṣe tiwọn. A ń wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó parí. Àwọn obìnrin tí kò jalè, tí kò pààyàn, ni wọ́n ní kí wọ́n la ọ̀nà yẹn já láti wá sọ pé àwọn kò ní nǹkan kan.

Ní kóòtù, akọ̀wé gbé Bíbélì àti Kùránì kalẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Wọ́n ń bi wọ́n: ẹ̀rọ, ilé, irinṣẹ́, ohunkóhun? Wọ́n ń dáhùn: n kò ní. Nígbà tó kan ọ̀rẹ́ mi, ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì, ó sì mú un kúrò.

“Páànù ńkọ́?”

Akọ̀wé ní, “Páànù wo?”

Ọ̀rẹ́ mi kọjú sí mi. Ní ọdún tí ìjì ká òrùlé abà, òun ló ru páànù ilé ìdáná rẹ̀ wá, tí a fi bo apá ibi tí ẹ̀rọ wà. Kò bèèrè owó, n kò sì fún un. Páànù rẹ̀ ló wà lórí ẹ̀rọ títí di ọjọ́ yẹn. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń kùn pé ilẹ̀ ń ṣú, pé ọ̀nà kò dára. Mo gbé ojú mi kúrò.

“Ó dáa,” ló wí. “Mi ò ní páànù. Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá.” Ó gbé ọwọ́ padà lé Bíbélì, ó sì búra.

Ohun tí ọ́fíìsì yẹn kò rò, tí èmi náà kò rò, ni pé àwọn èèyàn wa kì í fi ìbúra ṣeré. Nígbà tí a padà délé, ọ̀rẹ́ mi wá sí abà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó agbada rẹ̀, asẹ́ rẹ̀, àti òkúta tó fi to ààrò. Mo ní kí ló dé, ẹ̀rọ á ṣí láìpẹ́. Ó ní òun ti gbé ọwọ́ lé ìwé Ọlọ́run pé òun kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Bí òun bá wá fi igbá kan ṣoṣo sílẹ̀, òun ti búra èké nìyẹn, òun sì ní àwọn ọmọ. Àwọn tó kù rí i, wọ́n sì wá kó tiwọn. Ẹnìkan hú ààrò rẹ̀ tó fi amọ̀ mọ títí dé ìdí. Páànù nìkan ni ọ̀rẹ́ mi kò lè mú, nítorí ó ti búra pé kì í ṣe tòun. Ó wà lórí abà níbẹ̀. Kò sì jẹ́ dúró lábẹ́ rẹ̀ mọ́, òjò ìbáà máa rọ̀.

Ó wá ku ẹnì kan tí kò búra, ìyá ọkọ mi. Kò lè rìnrìn àjò. Wọ́n ní ọkùnrin náà ni yóò wá bá a nílé, tí yóò wá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, nígbà tí àyè bá yọ. Àyè kò tètè yọ. Láàárín ìgbà yẹn, mo ń kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ.

“Yèyé, bó bá dé, sọ pé kì í ṣe tìrẹ.”

“Ta ló rà á?”

“Ọmọ rẹ ni.”

“Ta ló bí ọmọ náà?”

“Ìwọ ni.”

“Ó ti parí.” Ó ń bó iṣu lọ.

“Wọ́n á gbé e lọ, Yèyé.”

“Ikú gbé ọmọ mi lọ. Ṣé èmi kọ́ ni mo ni ín mọ́ ni?”

Mo jáde lọ sí abà, mo sunkún níbẹ̀ lábẹ́ páànù, nítorí mo mọ̀ pé bí ó bá ti sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú ọkùnrin náà, gbogbo ohun tí a fi ojú rí lójú ọ̀nà Ìlọrin ti di asán. Mo sọ fún un ní ohùn mìíràn, mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú sí i lẹ́ẹ̀kan, mo sì tún bẹ̀ ẹ́. Kò sọ pé òun gbà, kò sọ pé òun kò gbà.

Ọjọ́ tí ọkùnrin náà dé, ọjọ́ ọjà ni, àwọn èèyàn ń kọjá lójú títì. Ó ti mú ìwé dání. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá náà, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀.

“Màmá, ẹ kú ilé. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn yẹn?”

Ìyá ọkọ mi wò ó. “Kí lo fẹ́ kí n wí?”

“Òótọ́ ni kí ẹ sọ.”

“O ò fẹ́ òótọ́. Bí mo bá sọ òótọ́, o máa gbé e lọ. Kí lo fẹ́ kí n wí?”

Ó wo ojú mi, ó wo ìwé rẹ̀. “Bí kì í bá ṣe tiyín, kí ẹ ní kì í ṣe tiyín.”

Ìyá náà wo apá ibi tí abà wà. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń ná ẹ̀fọ́ lójú títì.

“Kì í ṣe tèmi,” ló wí. “Ọmọ ló rà á, ìyàwó ọmọ ló ń lò ó. Kì í ṣe tèmi. Kì í sì í ṣe tiyín, ìwọ àti àwọn tó rán ọ. Lọ mú irin yín kúrò lára rẹ̀.”

Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí ògiri. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Ọkùnrin náà tẹ ìka ìyá mọ́ ìwé, ó sì fọwọ́ sí i. A jọ lọ sí abà. Ó tú gbogbo inú báàgì rẹ̀, kò rí kọ́kọ́rọ́ àgádágodo. Ó ní bóyá ó wà lọ́wọ́ ẹni tó bá òun wá lọ́jọ́sí. Ó ní kò burú, kí n gbé òkúta kí n fọ́ ọ.

“Rárá, sà.”

“Ẹ fọ́ ọ, Màmá. Mo ti fún yín láṣẹ.”

“Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ti fọwọ́ kan ìjọba. Ẹ̀yin ni kí ẹ fọ́ ọ, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pe àwọn èèyàn kí wọ́n rí i pé ẹ̀yin ni.”

Ó rò pé mo ń fi òun ṣẹ̀sín. N kò fi í ṣẹ̀sín. Mo jáde sójú títì, mo sì pe àwọn tó ń lọ sọ́jà wọlé. Wọ́n dúró lẹ́bàá òpó, ẹrù lórí, kò sí ẹni tó wọ abẹ́ òrùlé. Ọkùnrin náà bọ́ ẹ̀wù òkè rẹ̀, ó gbé òkúta, ó sì ń lu àgádágodo. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi òkúta lu irin. Ó fi pa ìka ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tó kí i ní pẹ̀lẹ́. Nígbà tó ṣe, irin náà já. Ó ya ìwé pupa kúrò. Ó fẹ́ máa lọ, ṣéènì wà nílẹ̀.

Mo ní, “Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ohun ìjọba dání.”

Ó wọ́ ọ sínú báàgì. Àwọn èèyàn túká lọ sọ́jà. N kò tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ẹ̀gẹ́ nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa yan án. Mo bá ọkùnrin náà dé ẹ̀bá títì. Ó gun ọ̀kadà, ó kọjú sí ọ̀nà Ọ̀sì. Mo dúró síbẹ̀ títí n kò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́, lẹ́yìn ìyẹn mo tún dúró díẹ̀ sí i, kí n rí i dájú pé kò padà.